Obìnrin Tó Ń Bọ́ Jẹjẹrẹ

Ìyá Ìgò kò bí ọmọ kankan, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń bọ́ ọmọ. Ní láàbù ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí inú ìgò ni àwọn tó ń tọ́ ń gbé: ìgò oníke pẹlẹbẹ tó ṣeé tò léra wọn, tí omi pupa rẹ́súrẹ́sú bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Inú omi yẹn ni sẹ́ẹ̀lì ìfun ńlá èèyàn wà. Ojú lásán kò lè rí wọn. Ẹni tó ni ìfun lè ti kú, kí wọ́n ti sin ín, kí àwọn ẹbí ti pín bàtà rẹ̀ láàárín ara wọn, kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Ìyá Ìgò, kó máa jẹun, kó máa bí sí i. Bí omi pupa yẹn bá ti di yẹ́lò, wọ́n ti jẹun tán nìyẹn, wọ́n sì ti ṣu sínú àwo ìjẹun. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fa omi náà dànù kó bu tuntun sí i. Bí ẹni náà bá gbàgbé, wọ́n á kú. Iṣẹ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò mọ ọjọ́ ìsinmi.

Jẹjẹrẹ ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí Ìyá Ìgò ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, Ọ̀gá, obìnrin àgbàlagbà tí láàbù náà wà lábẹ́ àkóso rẹ̀, mú un jókòó sídìí awò tó ń sọ kékeré di ńlá, ó sì ṣàlàyé fún un. Ó ní sẹ́ẹ̀lì gidi mọ ìwà hù: bó bá ti ń pọ̀ sí i tó sì fara kan aládùúgbò rẹ̀, á dúró. Ti jẹjẹrẹ kò mọ ohun tó ń jẹ́ aládùúgbò. Á gun orí ẹnì kejì, á jókòó lé e, á bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ síbẹ̀. Ìyá Ìgò rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Ọ̀gá bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní, "mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lẹ ń sọ ni."

Ẹ̀gbọ́n yìí, Ọwọ́-Irin ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àwọn ọkọ̀ tó ti kú ló ń fi òòlù ńlá tú palẹ̀ ní àgbàlá kan lẹ́yìn ojú irin, ẹni tó bá sì gbọ́ ìró òòlù náà láti ọ̀nà jíjìn á rò pé ilé ló ń wó. Kì í ṣe iṣẹ́ yẹn nìkan ló fún un lórúkọ. Ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọni. Ìjà ti sọ ọkùnrin yìí lórúkọ kó tó hu irùngbọ̀n. Bàbá wọn ń na gbogbo ilé. Nígbà tí bàbá kú, àwọn èèyàn ń bi ara wọn pé kí ni bàbá fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Bẹ́líìtì ni, Ọwọ́-Irin ló sì jogún rẹ̀.

Ìyá Ìgò ni àbúrò kan ṣoṣo tó ní, ara rẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́. Ó yọ eyín iwájú rẹ̀ nítorí omi tó dànù. Ó gbá orí rẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn nítorí pé ó fèsì. Lọ́jọ́ kan ó fi ìdérí ìkòkò lù ú lójú, ojú náà wú tí kò fi lè ríran; nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n kan náà ló gbé e pọ̀n lọ sílé ìwé kó má bàa pa ìdánwò jẹ. Ká má purọ́ mọ́ ọn: òòlù rẹ̀ ló rán ọmọ yìí níwèé títí ó fi di ẹni tó ń wọ ẹ̀wù funfun lọ síbi iṣẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá fọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì Ọwọ́-Irin kò ráyè ìyẹn. Bí ọ̀tún bá ti rẹ̀ ẹ́, òsì ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá gbéyàwó. Aránṣọ ni ìyàwó náà, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kún fún abẹ́rẹ́ nígbà gbogbo. Láàárín ọdún díẹ̀ apá òsì rẹ̀ kò nà tán mọ́. Ó ń fi apá kíká yẹn ti aṣọ sábẹ́ máṣíìnì, ó sì ń sọ fún àwọn oníbàárà pé àtẹ̀gùn ni òun ti ṣubú. Ọmọ mẹ́ta ló bí fún un, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìjẹ́ kó dún.

Àìsàn dé bá Ọwọ́-Irin bí olè. Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ rí nínú ìgbẹ́, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Kí ó tó gbà láti lọ sí ilé ìwòsàn, ó ti ṣubú lulẹ̀ tòun ti òòlù. Wọ́n là á nínú, wọ́n gé lára ìfun ńlá rẹ̀, wọ́n sì so àpò kan mọ́ ikùn rẹ̀ tí ìgbẹ́ ń gbà jáde síbẹ̀. Dókítà sọ pé jẹjẹrẹ ni, pé ó ti ran ẹ̀dọ̀, pé oògùn oríṣi mẹ́ta ló wà tí àwọn lè fún un, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò lè gba ju ẹyọ kan lọ. Èwo ni kí wọ́n fún un? Wọn kò mọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe bi í bóyá ó gbà kí wọ́n mú díẹ̀ nínú ẹran tí wọ́n gé lọ sí láàbù, kí wọ́n tọ́ ọ dàgbà níbẹ̀, kí wọ́n wá da oògùn kọ̀ọ̀kan lé e lórí láti mọ èyí tó máa pa á.

"Ẹ ṣe é bó bá ṣe wù yín," ó dá wọn lóhùn. "Ṣebí ẹ ti gé e kúrò lára mi." Ó fọwọ́ sí ìwé láìtẹ́tí sí ìdajì ọ̀rọ̀.

Ọ̀gá pe Ìyá Ìgò sí yàrá rẹ̀. Ó ní ẹran ìfun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé wá, pé òun lè gbé e fún ẹlòmíràn, pé kò sí ẹni tó máa bá a wí. Ìyá Ìgò ní kí wọ́n fún òun. Bóyá ìfẹ́ ni. Ọmọ ìyá ni ọmọ ìyá ń jẹ́. Bóyá ó sì kàn fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó kéré ju òun lọ lẹ́ẹ̀kan láyé. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, mi ò sì ní bá a mọ̀ ọ́n.

Ẹran náà dé nínú ìgò kékeré tó tutù, kò ju èékánná lọ. Ó fi abẹ gé e wẹ́wẹ́, ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, ó sì gbìn ín sínú ìgò pẹlẹbẹ mẹ́rin. Fún ọjọ́ pípẹ́ kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó wá lẹ̀, sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí kò wúlò fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ bí koríko, ó sì ń fi ẹnu ọ̀pá tín-ín-rín ha wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ti Ọwọ́-Irin gbérí. Áà! Wọ́n fẹ̀, wọ́n gun ara wọn, wọ́n di òkìtì. Ní àràárọ̀, Ìyá Ìgò á tẹ̀ mọ́ awò, á wò wọ́n, á sì kí wọn: "Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Ẹ tún ti ń jà."

Sẹ́ẹ̀lì ìfun lágídí. Bí ìgò bá ti kún, à fi kí èèyàn tú wọn kúrò nílẹ̀ kó lè pín wọn sínú ìgò tuntun, wọn kì í sì í fẹ́ dìde. Omi kan wà tí wọ́n ń dà lé wọn láti tú ẹsẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ti ìfun, omi nìkan kò tó. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ìgò, gbà, gbà, kí wọ́n tó jáwọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá bí Ìyá Ìgò. Kì í gbá a ju bó ṣe yẹ lọ, kí wọ́n má bàa fọ́. Nígbà tó bá ń gbá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa wo ara wọn, nítorí ó dà bí ẹni pé ó ń fi ẹ̀mí sí i díẹ̀. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mọ́ ọn, ojú sì ń tì í.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó Ọwọ́-Irin wá bá a níbi iṣẹ́. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé náà. Obìnrin náà kò mu omi tí wọ́n fún un.

"Àǹtí mi," ó ní, "wọ́n ní tí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá kú, wọn ò ní mọ oògùn tí wọ́n máa fún bàbá àwọn ọmọ mi."

"Wọ́n á kàn mú ọ̀kan láìmọ̀ ni. Ó lè bọ́ sí i, ó lè má bọ́ sí i."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kú."

Ìyá Ìgò wò ó.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Láti ìgbà tó ti dùbúlẹ̀ ni mo ti ń sùn. Mo ti gbàgbé pé báyìí ni oorun ṣe ń rí. Ọmọ mi àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú ilé. Ẹ ò ní fọwọ́ pa á. Ẹ kàn gbàgbé wọn lọ́jọ́ kan. Ṣebí ó ń rẹ èèyàn? Ta ló máa bi yín?"

"Ìyàwó, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́."

"Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn, mo gbọ́," obìnrin náà dáhùn. Ó ká gèlè rẹ̀ sókè, ó fi àpá kan hàn án tó gùn láti etí dé ìpàkọ́, tí irun kò hù sí. "Ṣùgbọ́n orí ta ló ń fọ́? Orí tèmi ni. Òun ló sì ń fọ́ ọ."

Obìnrin náà so gèlè rẹ̀ padà, ó kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń kí àbúrò ọkọ, ó sì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, omi àwọn ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń di yẹ́lò. Ìyá Ìgò bọ́ ti gbogbo èèyàn, kò bọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn àpótí olóoru tí wọ́n ń gbé, ó bọ́ ẹ̀wù funfun, ó gbé báàgì, ó sì rìn dé ibùdókọ̀. Ọkọ̀ dé, kò wọ̀ ọ́. Òmíràn dé, kò wọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe é. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn: kó gbàgbé, kí èèyàn kú. Ọwọ́-Irin kò fìgbà kan pa ẹnikẹ́ni. Bí òun bá ṣe é, òun ló máa jẹ́ ọmọ bàbá wọn jù. Ó padà, ó wọ ẹ̀wù, ó sì bọ́ wọn pẹ̀lú èébú lẹ́nu.

Àìsàn kì í gba ìjà lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jà. Nígbà tí ara Ọwọ́-Irin gbé e díẹ̀ tí wọ́n dá a padà sílé kó dúró de oògùn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin. Ní òwúrọ̀ kan, nítorí pé omi ìwẹ̀ gbóná jù, ó fi okùn tí ìyàwó fi ń wọn aṣọ fún un lọ́rùn, ó sì ń fà á. Obìnrin náà rí ojú ara rẹ̀ nínú díńgí tó ń dúdú. Nígbà tí okùn dẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ tú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Pa mí! Pa mí, ṣùgbọ́n mọ̀ pé o ò ní pẹ́ lẹ́yìn mi! Àbúrò rẹ wà níbẹ̀ tó ń bọ́ jẹjẹrẹ rẹ. Lójoojúmọ́ ló ń bọ́ ọ! Ó ti sanra, ó ti kún ìgò mẹ́rin!"

Ọwọ́-Irin jáwọ́. Gbogbo ohun tí dókítà ti ṣàlàyé fún un, tí kò fetí sí, kò sí ọ̀kan tó rántí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀: bọ́. Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn lọ sílé ìwé ló ń fún ikú rẹ̀ lóúnjẹ. Ó wọ bàtà, ó sì jáde.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láàbù mọ̀ ọ́n. Ó kí i, "Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìgò, ara ti ń yá nìyẹn," ó sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ọ̀nà tó lọ sí yàrá sẹ́ẹ̀lì ní fèrèsé gíláàsì ńlá kan tí àlejò lè gbà wo iṣẹ́. Ibẹ̀ ni Ọwọ́-Irin dúró. Ó rí àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ìbomú àti ìbọ̀wọ́, ó rí i tó mú ìgò kan gbé sí ìmọ́lẹ̀, ó rí nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, nọ́ńbà kan náà tó wà lára páálí tirẹ̀ nílé ìwòsàn. Ó sì rí i tó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè tó gbá ìgò náà, gbà, gbà.

Nígbà tí ilẹ̀kùn já, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Ìyá Ìgò kọ́kọ́ wò. Iṣẹ́ ti di àrùn sí i lára. Kò bi í pé kí ló dé, kò sá, eruku ìta ló ń bà á lẹ́rù fún àwọn sẹ́ẹ̀lì.

"Bọ̀dá, ẹ bọ́ bàtà yín!"

"Bọ́! Bọ́! Bọ́!" Ọwọ́-Irin fi igbe bo yàrá. "O bọ́ àrùn mi tán, bàtà ló kàn? Ṣé èmi lò ń gbá létí nínú ìgò yẹn?"

Ó gbé àga onírin, ó sì là á mọ́ tábìlì tí wọ́n fi gíláàsì bò, tí Ìyá Ìgò ń ti ọwọ́ bọ̀ ṣiṣẹ́. Gíláàsì fọ́ dà sí i lápá. Ó fa ilẹ̀kùn àpótí olóoru ya kúrò lára ìdè rẹ̀, ó fọwọ́ gbá gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ìgò ti èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀? Iṣẹ́ ọdún mélòó? Ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ̀ wọ́n, ike ń ṣẹ́, omi pupa ń tàn kálẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dúḿbú. Mẹ́ta nínú ti ara rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi rún wómúwómú.

Ẹ̀kẹrin wà lọ́wọ́ Ìyá Ìgò. Ó ti fi ọmọrí dé e, ó sì gbá a mọ́ àyà.

"Gbé e fún mi."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Èyí ló kù. Òun lẹ ó fi yè."

"Mo ní gbé e fún mi!"

Kò gbé e fún un. Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ fọ́ àgbọ̀n rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá ṣẹ́. Ó ṣubú lé ìgò náà lórí. Ọwọ́-Irin ń ta á nípàá, ní ẹ̀yìn, ní ìhà, ní orí, ó sì ń pè é ní gbogbo orúkọ tó ti ń pè é láti kékeré. Ìyá Ìgò káwọ́ mọ́ ìgò náà, ó ká bí ìgbín. Láàbù ń pariwo. Kò sí ẹni tó lè sún mọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni ìpàá dáwọ́ dúró. Òórùn kan gba yàrá. Ìyá Ìgò gbójú sókè, ó rí i pé àpò ikùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti já, ìgbẹ́ ń ṣàn gba ṣòkòtò rẹ̀ sí inú bàtà tí kò bọ́. Ọkùnrin náà di ògiri mú, ó ń wo ara rẹ̀. Ó ti rù. Gbogbo ọjọ́ ayé Ìyá Ìgò, kò tíì rí i pé ẹ̀gbọ́n òun kò tóbi.

Ó dìde. Ó gbé ìgò náà sórí sẹ́lífù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wá yíjú padà, ó sì fi ọwọ́ tó ń fi gbá ìgò gbá a létí, gbogbo agbára ọdún wọ̀nyẹn wà nínú rẹ̀. Ọwọ́-Irin lọ ilẹ̀ gbàà. Ìyá Ìgò fi ẹsẹ̀ ta á níbi tí wọ́n ti là á. Ó tún un ta. Ọkùnrin náà ń ké "Àbúrò mi! Àbúrò mi!" òun sì ń ta á. Ó dùn mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: kò tíì sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí, bí kì í bá sì ṣe ẹ̀ṣọ́ àti Ọ̀gá tí wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀, ì bá pa á.

Wọ́n gbé Ọwọ́-Irin lọ sí ilé ìwòsàn tòun tọlọ́pàá. Ọ̀gá ní kí Ìyá Ìgò tẹ̀ lé wọn. Kò lè sọ̀rọ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó na ọwọ́ sí sẹ́lífù. Ó so ìbomú tuntun mọ́ ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì gbé ìgò náà lọ sí yàrá kejì. Lábẹ́ awò, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ti já kúrò nílẹ̀, wọ́n ń léfòó, wọ́n dàrú. Ó fa omi tó ń tú ẹsẹ̀ wọn kúrò kó má bàa jẹ wọ́n run, ó bu oúnjẹ tuntun lé wọn, ó sì gbé wọn sínú àpótí olóoru ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ló tó dákú.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi wáyà di eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ìyá wọn dé, arúgbó tí òun náà ti jẹ bẹ́líìtì nígbà tirẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń nu ojú.

"Ọmọ ìyá kan ni yín," ó ní. "Ara rẹ̀ kò dá. Má jẹ́ kí ọlọ́pàá tì í mọ́lé. O ti dárí jì í, àbí?"

Ìyá Ìgò kò fọhùn. Àwọn ẹbí jáde lọ sọ fún ọlọ́pàá pé ó ti dárí jì í, ọlọ́pàá sì fi ẹjọ́ náà sílẹ̀. Wọ́n dì í lẹ́nu pọ̀ tán, wọ́n ní ó gbà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún wa nípa ẹni tí wọ́n fi wáyà dákẹ́.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ló wá sọ fún un. Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Ìyá Ìgò lè dìde, ó padà síbi iṣẹ́, ó pín wọn, ó tọ́ wọn títí wọ́n fi pọ̀ tó. Ọ̀gá da oògùn mẹ́ta lé wọn lórí. Pẹ̀lú oògùn àkọ́kọ́, wọ́n ń jẹun lọ. Pẹ̀lú èkejì, ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀. Nígbà tí Ìyá Ìgò gbé ìgò kẹta sábẹ́ awò, ilẹ̀ ìgò ti ṣófo. Wọ́n ti wú, wọ́n ti bẹ́, awọ wọn ti ya, inú wọn ti tú síta, ohun tó kù kò ju pàǹtírí tó ń léfòó. Ọ̀gá di mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ń fò sókè bí ọmọdé. Ìyá Ìgò náà yọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ Ọ̀gá mú.

Ó gba inú eyín tó há sọ̀rọ̀: "Ọ̀gá, ẹ má tíì ránṣẹ́ sí dókítà. Ẹ fún mi lónìí nìkan. Tó bá di ọ̀la, ẹ ránṣẹ́."

Ọ̀gá wo ojú rẹ̀ tó ṣì wú, kò sì bi í léèrè. "Ọ̀la nìgbà náà," ó ní.

Ó lọ tààrà sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́-Irin ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí máṣíìnì. Nígbà tó rí ẹni tó wọlé, ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ bí ọkùnrin.

"Àǹtí mi, ẹ bú mi, ẹ nà mí. Mo mọ ohun tó máa ṣe nígbà tí mo sọ ọ́. Mo fẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò mọ̀ pé ẹ máa wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ó fara gbà á."

"Dìde."

"Ṣé wọ́n ti kú?"

"Oògùn kan jẹ́," Ìyá Ìgò wí. Ọ̀rọ̀ ń gba àárín wáyà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó jẹ́ dáadáa. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ọ̀la. Ara rẹ̀ máa yá, Ìyàwó. Á sanra. Á tún gbé òòlù."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sunkún. Ó fi ọwọ́ tó dá di èyí tó ká mú, ó sì ń wo ilẹ̀kùn bí ẹni pé ọkùnrin náà ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìdí tí mo fi wá nìyẹn," Ìyá Ìgò ní. "Kó àwọn ọmọ. Kẹ́ ẹ ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Má sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ fún màámi, má sì sọ ọ́ fún mi."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ gbà á là. Ẹ̀yin náà ló máa kọ́kọ́ wá bá."

"Mo mọ̀."

"Ó mọ ibi iṣẹ́ yín. Ó mọ ilé yín."

"Mo ní mo mọ̀," Ìyá Ìgò dáhùn. Ó gbé àpótí kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣí i sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ àwọn ọmọ.